Ẹni Tí Ó Ń Yẹ Irin Wò Kì Í Ṣe Ọmọ Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàárín wa láti ìgbà tí àwa mẹ́ta tí a ń kàwé gboyè kejì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà ti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù kan, tí a ń kọ́ bí a ti ń fi òòfà àti lẹ́búlẹ́bú irin wá ibi tí irin ti sán. Àwọn kan ní ìyà kí ni ń jẹ wá. Wọ́n ní ẹni tí ó ti gba B.Sc. nílé, tí àwọn òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ kí ó tó rí owó wọ bààlúù wá sí Ìlú Ọba, kò yẹ kí ó tún máa fi ọwọ́ kó èérún irin bí ọmọ kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́. Ẹnìkan tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní bí a bá padà délé kí a máa pe ara wa ní Ọ̀mọ̀wé Lẹ́búlẹ́bú. A rẹ́rìn-ín, a sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àpárá báyìí. Àwọn àbúrò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti ń bi wá bóyá àkókò ni a fi ṣòfò, a sì rò pé ó yẹ kí a dá wọn lóhùn nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí, níbi tí tọmọdé tàgbà yóò ti rí i kà.

Èrò tiwa ni pé nínú gbogbo ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà tí a ti dé ìhín, díẹ̀ ni ó súnmọ́ ohun tí ilé ń fẹ́ tó èyí. Ẹnjiníà tí kò bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é rí, afọ́jú ni níwájú ìwé tí wọ́n bá gbé wá fún un pé kí ó fi ọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ líle ni, a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún àwọn tí wọ́n ń kọ́ òfin, ìṣègùn àti ètò ọrọ̀ ajé, kí àwọn náà lè bá wa dá sí i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà nílé ni ó ti tú spíkà rédíò tí ó ti kú rí, kí a lè yọ òòfà inú rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mágínẹ́ẹ̀tì. A ó so okùn mọ́ ọn, a ó wọ́ ọ lórí iyanrìn, yóò sì hu irùngbọ̀n dúdú. Èérún irin tí ó wà nínú iyanrìn ni irùngbọ̀n náà. Ohun tí a kò kíyèsí nígbà náà ni pé irùngbọ̀n yẹn kì í hù káàkiri ara òòfà bákan náà. Ibi tí agbára òòfà ti ń jáde sí afẹ́fẹ́ ni ó ti ń dì pọ̀ jù.

Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò ju èyí lọ. Bí a bá sọ irin kan di òòfà fún ìgbà díẹ̀, agbára náà yóò máa gba inú irin kọjá bí omi ti ń gba inú páìpù. Bí inú irin bá pé, kò ní yọjú síta. Bí ó bá wá kan ibi tí irin ti sán, ìbáà ṣe sísán tí ojú lásán kò lè rí, ọ̀nà já níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú sísán náà, afẹ́fẹ́ kò sì gba agbára òòfà bí irin ti ń gbà á. Díẹ̀ nínú agbára náà yóò fò síta ní etí kan, yóò sì wọlé padà ní etí kejì, etí méjèèjì yóò sì wá dà bí òòfà kékeré. Lẹ́búlẹ́bú irin tí a bá fọ́n síbẹ̀ yóò sáré lọ dì mọ́ ọn, yóò sì fa ìlà kan tí ó fẹ̀ ju sísán náà fúnra rẹ̀ lọ, tí ojú á fi lè rí i. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni aláǹgbá tiwa.

Ẹ má sì rò pé ọgbọ́n òyìnbó pátápátá ni. Ìyá tí ó fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà kì í fọ́ ọ kí ó tó mọ̀ bóyá ó pé. Yóò fi ìka kàn án, yóò dẹ etí sí i. Ohùn èyí tí ó pé á ròkè, ohùn èyí tí ó sán á há. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ìlú Ọba níbí ṣe irú rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, tí wọ́n ń fi òòlù kan ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ kí ó tó gbéra. Àyẹ̀wò tí kò ba ohun tí a ń yẹ̀ wò jẹ́ ni gbogbo rẹ̀, òòfà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Àǹfààní rẹ̀ lórí òòlù ni pé òòlù á sọ fún ọ pé nǹkan kan ṣe irin yìí, lẹ́búlẹ́bú á fi ọwọ́ tọ́ka sí ibẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti ń lọ nìyí. A ó kọ́kọ́ fọ ojú irin: gírísì, ìpẹtà, èépá ọ̀dà, gbogbo rẹ̀ ni a ó họ kúrò. A ó fi ọ̀dà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan kùn ún kí lẹ́búlẹ́bú dúdú lè hàn lórí rẹ̀. A ó wá gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan lé e. Yoke ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá yóò fẹ́ pè é ní àjàgà, nígbà tí ó sì fi di ọjọ́ kẹta apá wa jẹ́rìí sí i pé àjàgà ni lóòótọ́. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, iná yóò wọ inú rẹ̀, irin tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì yóò sì di òòfà. Ìgbà tí iná bá ń lọ lọ́wọ́ ni a ó fọ́n lẹ́búlẹ́bú, tí a ó sì fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí èyí tí kò rí nǹkan dì mọ́ lè fò lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lágbára. Èyí tí ń lo irú iná tí ó wà nínú ilé gbọ́dọ̀ lè gbé irin tí ó wúwo tó kílò 4.5 nílẹ̀. Èyí tí iná tirẹ̀ ń lọ tààrà bíi ti bátìrì gbọ́dọ̀ gbé kílò 18.

Ibi tí ó ti gba làákàyè wá ni ọ̀nà tí agbára òòfà ń gbà. Bí sísán bá na gbọọrọ ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú agbára yìí, lẹ́búlẹ́bú kò ní sọ ohunkóhun. Ẹni tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kò ní fo gọ́tà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọdá ni yóò fò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára òòfà: àfi bí ó bá fẹ́ sọdá sísán náà ni yóò fò síta tí a ó fi rí i. Nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń yẹ ojú kan wò. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sí òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, a ó yí i sí ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kejì, a ó sì fọ́n lẹ́búlẹ́bú mìíràn. Ẹni tí ó bá yẹ ojú kan wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Bí ó bá sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ti parí rẹ̀, irọ́ ni ó kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí ọ̀rọ̀ ìwé yìí.

Lẹ́búlẹ́bú a sì máa tan ni. A máa dì mọ́ kọ̀rọ̀, a máa dì mọ́ ojú ìṣù irin tí a fi ń de bóòtù, a máa dì mọ́ ibi tí irin nípọn tí ó ti wá di tẹ́ẹ́rẹ́ lójijì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó sán níbẹ̀. Olùkọ́ wa, àgbàlagbà kan tí kò lọ yunifásítì rí, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí a tó bí wa, a máa dúró wo ìlà kan fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, yóò ní, "Ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe." Ìlà sísán tí ó wà lójú irin máa ń mú bí ìlà tí a fi abẹ fà. Ti ẹ̀tàn máa ń fẹ̀, etí rẹ̀ a sì rí rúdurùdu. Èyí tí ó bá sán lábẹ́ awọ irin náà a máa rí rúdurùdu, kò sì sí ohun tí ó lè kọ́ ènìyàn ní ìyàtọ̀ wọn bí kò ṣe ojú tí ó ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Lórí ojú kan náà: ẹni tí yóò bá ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún, kí ó ka lẹ́tà wínníwínní láti itòsí. Kò sí ẹni tí ó béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó fún wa ní oyè.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń po lẹ́búlẹ́bú náà mọ́ omi tàbí epo, tí wọ́n sì ń wò ó nínú òkùnkùn lábẹ́ iná àrà ọ̀tọ̀ kan, tí ìlà sísán yóò fi máa tàn bí ojú ológbò. Ẹni tí ó bá ń lo gíláàsì tí ń dúdú fúnra rẹ̀ nínú oòrùn gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì parí, a ó mú agbára òòfà kúrò lára irin náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa fa èérún irin mọ́ra nínú ẹ́ńjìnnì tí yóò fi jẹ ara rẹ̀ run.

A kò ní parọ́ fún yín pé òòfà ń rí ohun gbogbo. Irin tí òòfà ń fà nìkan ni ó wà fún. Bàbà, idẹ, alumíníọ̀mù, àti ọ̀pọ̀ nínú irin tí kì í dípẹtà tí a fi ń ṣe ìkòkò òyìnbó, kò sí ohun tí lẹ́búlẹ́bú lè sọ nípa wọn. Ní 1989, bààlúù kan já lulẹ̀ ní Sioux City ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì kú, nítorí àwo titanium kan nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí ó sán. Òòfà kò lè yẹ titanium wò. Omi aláwọ̀ tí ń wọ inú sísán ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọn kò rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Bákan náà, sísán tí ó bá jìn sínú irin kò ní hàn sí wa, àfi kí a wá ẹ̀rọ mìíràn. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dópin ni kì í fi í tan ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kan ìtàn rẹ̀ díẹ̀, nítorí ó bá àwọn tí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ wí. Ní 1868, ọmọ Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Saxby ti ń fi abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì wá ibi tí ọ̀pá ìbọn ńlá ti sán. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú fúnra rẹ̀, ní ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n ti rí i. William Hoke, ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń mójú tó òṣùwọ̀n, ń rí i pé bí wọ́n bá fi òòfà di irin mú tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, èérún tí ń jábọ́ a máa tò sí ojú kan, ojú náà sì ni irin ti sán. Ìdọ̀tí tí ẹlòmíràn ì bá gbá dànù ni ó dúró wò. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1922, kò sì fi í ṣe òwò. Alfred de Forest ni ó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń ṣe, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi dá ilé-iṣẹ́ Magnaflux sílẹ̀ ní 1934. Ẹni tí kò bá dúró nídìí èérún, kí ni ì bá rí?

Ọ̀rọ̀ tí ó wà lọ́kàn wa jù lọ ni ti Alexander Kielland. Òǹkọ̀wé ọmọ Nọ́wè ni ó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n fi sọ ilé ńlá kan tí ó léfòó lórí Òkun Àríwá, tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń sùn sí. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kàn án, ó sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ní 1976. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni ó fi dúró nínú omi, àwọn ọ̀pá irin bàǹtàbàǹtà sì so àwọn ẹsẹ̀ náà pọ̀. Lára ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá yìí, wọ́n jó irin kékeré kan mọ́ ọn láti gbé ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ìró lábẹ́ omi. Ìjórin náà kò ju mílímítà 6 lọ. Kò sí ẹni tí ó ka irin kékeré yẹn kún ohun tí ó gbé ilé ró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí ìjì ń jà, ọ̀pá náà já ní ojú ibẹ̀. Àwọn ọ̀pá yòókù tí ó di ẹsẹ̀ kan náà mú já tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ náà yọ kúrò, kò sì tó wákàtí kan tí ilé náà fi dojú dé. Ènìyàn 212 ni ó wà nínú rẹ̀. 123 kú.

Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé irin tí ó já náà wò, wọ́n rí ọ̀dà nínú ibi tí ó ti sán. Ẹ tún un kà. Ọ̀dà kì í wọ inú irin tí kò lanu. Irin náà ti sán kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà níbi tí wọ́n ti ń kàn án, kí ó tó fi ojú kan ìgbì òkun rárá. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí omi ti ń mì í, ohun tí àwa ẹnjiníà ń pè ní àárẹ̀ irin. A kò sọ pé òòfà nìkan ì bá gbà wọ́n là; wọ́n rí i pé irin kékeré náà fúnra rẹ̀ kò dára tó, ìjórin rẹ̀ kò sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti tò. Àwọn tí wọ́n ya àwòrán ilé náà kàwé. Ẹni tí ó kùn ún lọ́dà jáfáfá. Láàárín àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí ẹnìkan dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó yẹ ibi kékeré yẹn wò, kí ó sì ní àṣẹ láti sọ pé kí alọ́dà fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ará wa ń pè ní iṣẹ́ ọmọ kọ́ṣẹ́kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ wá wo ilé. Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àlòkù ni. Ẹni tí ó bá ti lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Muṣin rí mọ bí wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ jọ bí iṣu: irin ìdí táyà, apá tí ń yí táyà, kíránkì ẹ́ńjìnnì. Irin wọ̀nyí ti jẹ ìyà ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ní ìlú tí ẹni tí ó ń rà wọ́n kò dé rí. Irin kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọ́ìlì pa á lára, ó ń dán. Tírélà tí ó fi irin kan ṣoṣo tí kò tó apá ọmọdé so ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ orí ń gbé kọ̀ǹténà láti Apápá la àárín ìlú kọjá. Ìkọ́ kéréènì ń gbé ẹrù kọjá lórí ènìyàn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 náà ní irin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lé lórí, bí àwọn ọdún bá sì ṣe ń gorí ara wọn ni ó yẹ kí a máa tú wọn wò. Kì í ṣe gbogbo jàǹbá ni ti irin tí ó sán, bíréèkì àti ìwàkuwà ń pa ènìyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lára èyí tí ó jẹ́ ti irin, ọ̀pọ̀ ni ẹni tí ó bá ní yoke kan lọ́wọ́ ì bá rí ní ìdajì wákàtí.

Àwọn kan yóò ní iná dà? Ìbéèrè tí ó bójú mu ni. Yoke kan wà tí kò lo iná rárá, òòfà tòótọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Kò dára tó ti oníná: agbára rẹ̀ kò ṣe é dín kò ṣe é fi kún, bí ó bá sì ti gbá irin mú, ìjàkadì ni kí ènìyàn tó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀pù mẹkáníìkì, níbi tí kò sí wáyà, yóò ṣiṣẹ́. Èyí tí ń lo bátìrì náà wà. Ní ti ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 9712 béèrè wákàtí 16 fún ipele kìíní, àti 24 sí i fún ipele kejì, lẹ́yìn náà ìrírí lẹ́nu iṣẹ́ àti ìdánwò. Ẹni tí ó wà ní ipele kìíní yóò ṣe iṣẹ́ lábẹ́ ìtọ́ni. Ti ipele kejì lè túmọ̀ ohun tí ó rí, kí ó sì fi ọwọ́ sí ìwé. A ń lo àkókò tí ó ju ìyẹn lọ láti kọ́ sọ́fítíwíà tí kò sí ilé-iṣẹ́ kan nílé tí yóò rà á.

A mọ ohun tí ń dun àwọn ènìyàn gan-an. Nílé, bí ẹnìkan bá fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, a máa ń rò pé orí rẹ̀ kò gba ìwé ni. A ti ya ẹni tí ó gba HND ní pólì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó gba B.Sc. ní yunifásítì bí ẹni pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n, tí a sì gbàgbé pé Yàbá Tẹ́ẹ̀kì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ti wà kí Nàìjíríà tó ní yunifásítì kan. Ẹni tí ó ń yẹ irin wò wá di ẹni tí a ń rán níṣẹ́. Ọ̀gá ẹnjiníà ń jókòó nínú ọ́fíìsì, ìwé ń bá a níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ sí i.

Irú ìwé wo? Ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ní ilé-iṣẹ́ kan nígbà tí ó wà ní yunifásítì. A kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ó bá a pé wọ́n ti tẹ ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ jáde. Ọ̀rọ̀ náà "kò sí àbùkù" ti wà lórí rẹ̀, ọjọ́ àti nọ́ḿbà ìjórin nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ dáadáa. Ó rí ibi tí ó sán, ó fi ẹfun yí i ká, ó sì lọ sọ. Wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí owó oṣù gbogbo ènìyàn dúró nítorí ìlà kan tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹnjiníà tí ó ń fi ọwọ́ sí ìwé kò sọ̀kalẹ̀ wá wò ó, kò sì ní mọ ohun tí yóò wò bí ó bá tilẹ̀ wá. Kí àwọn olóòótọ́ jọ̀wọ́ sọ fún wa èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó kàwé.

Ìdí tí a fi lọ kọ́ iṣẹ́ yìí rèé. Ó lè má jẹ́ òun ni a ó fi jẹun ní gbogbo ọjọ́ ayé wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú wa lọ́la, a ó mọ ohun tí a ó béèrè. Ọ̀dà funfun dà, ṣé ó ṣì wà lára irin náà? Ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ yí ẹ̀rọ sí dà, ẹ fi hàn wá nínú àwòrán. Ta ni ó ṣe é, nígbà wo ni wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò gbẹ̀yìn? Irin kílò 4.5 tí ẹ fi dán yoke wò láàárọ̀ dà? Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà rí kò ní ṣe é tàn pẹ̀lú òǹtẹ̀ lásán. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá sì fi ẹfun yí ibì kan ká, a ó mọ irú ìgboyà tí ó gbà á, a ó sì lè dúró tì í.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ owó ni, pé ẹni tí ó bá dá iṣẹ́ dúró nílé, wọn yóò lé e lọ. Òótọ́ ni, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan kò sì lè wo àìsàn yẹn sàn. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti lé ènìyàn kan tí ó ń dá sọ̀rọ̀ ju kí a lé mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ wọn pa pọ̀, tí méjì nínú wọn sì jẹ́ ẹnjiníà àgbà.

Àbá tí a fi sí ọwọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó tí a ń dá fún àríyá òpin ọdún, kí a fi yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lówó ìdánwò ipele kejì, kí wọ́n dá a padà bí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́. Kí a sì ra yoke kan tí kì í lo iná, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú àti ọ̀dà funfun, kí a fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ pólì kan nílé tí ìpàdé bá fi ẹnu kò sí. A mọ̀ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù òpin ọdún yóò fajú ro. Kí wọ́n wá sí ìpàdé tí ń bọ̀ ṣáá. A ó gbé ẹ̀rọ kan tí a yá wá síbẹ̀, pẹ̀lú irin ìdí táyà àlòkù méjì tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ń dán. Ọ̀kan sán, ọ̀kan kò sán. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ ọmọdé ni, kí ó wá sọ èwo ni èwo.